Ṣé Okùn Kan Ni Wọ́n Fi So Gbogbo Wa? Ìtàn Iná NEPA

Ohùn kìn-ín-ní

Èmi ni, admin yín, ìyá ẹlẹ́ja ti New Benin. Ẹ má bínú pé mi ò sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fóònù kú, páwà báńkì kú, jẹ́nì náà ní òun ò ṣiṣẹ́. Àbúrò wa tó máa ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ fún àwọn tí dátà wọn kì í tó láti gbọ́ ohùn ti jókòó tì mí, nítorí náà màá gbìyànjú kí n má sáré.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí iná lọ yẹn, bọ̀dá wa tó ń ta táyà ní Uselu kọ nǹkan kan sínú ẹgbẹ́ yìí. Ó ní bí iná ṣe lọ ní ṣọ́ọ̀bù òun, òun pe ìyàwó òun ní Ìbàdàn, ìyàwó ní iná ti lọ lọ́dọ̀ àwọn náà, àní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹlòmíì pe ìyá ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀, bákan náà. Ẹlòmíì ní ọmọ ní Ìlọrin, bákan náà. Bọ̀dá wá béèrè pé, "Admin, ṣé okùn kan ṣoṣo ni wọ́n fi so gbogbo wa ni?" Àwọn kan fi ẹ̀rín ránṣẹ́. Èmi ò rẹ́rìn-ín o, torí ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìtàn nínú.

Ìwé mẹ́wàá péré ni mo kà, ẹ mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ta ẹja inú fírísà, dandan ni kó mọ ìwà iná bí èèyàn ṣe ń mọ ìwà ọkọ ẹ̀. Mo ti ń wádìí ọ̀rọ̀ yìí ọjọ́ pẹ́.

Ọdún 1896 ni iná mànàmáná kọ́kọ́ tàn ní Nàìjíríà, ní Èkó. Ẹ̀rọ méjì ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú 30 kìlówáàtì wá, àpapọ̀ ẹ̀ 60. Kí ẹ lè mọ bó ṣe kéré tó: jẹnẹrétọ̀ ńlá tó wà lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ní GRA níbí lónìí lè ju ìyẹn lọ. Gbogbo iná tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń yangàn ní Èkó nìyẹn.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ò sì tíì pẹ́ lórí ẹ̀. Ìlú kékeré kan lọ́dọ̀ wọn, Godalming, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń fún ará ìlú ní iná, ní 1881. Omi odò ló ń yí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó di 1884, owó ò bá a mu mọ́, wọ́n pa á tì, wọ́n padà sí àtùpà gáàsì. Ẹ gbọ́ o! Ìlú àkọ́kọ́ tó ní iná ní Gẹ̀ẹ́sì, òkùnkùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a padà kí ọdún mẹ́rin tó pé. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé àwa la dá "wọ́n ti mú iná lọ" sílẹ̀.

Ọdún kan lẹ́yìn tí iná dé Èkó, ní oṣù kejì 1897, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wọ ìlú tí a wà yìí. Ààfin jóná, wọ́n kó àwọn ère idẹ lọ sókè òkun, wọ́n gbé Ọba Ovonramwen lọ sí Kàlàbá, ibẹ̀ ló sì kú sí. Gílóòbù ń tàn ní Èkó, iná mìíràn ló ń jó ní Bìní, ọwọ́ kan náà ló sì tan méjèèjì. Bàbá onílé mi kì í jẹ́ kí n parí apá ibí yìí. Bìní pọ́ńbélé ni wọ́n. Wọ́n á ní kí òyìnbó tó mọ gílóòbù, àtùpà ńlá elépo pupa ti ń tàn lóru lójú ọ̀nà ààfin. Mo máa ń dáhùn pé, "Bàbá, ẹ ti borí," torí owó ilé mi kì í tètè pé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń wá iná tirẹ̀. Port Harcourt ní 1928, Kàdúná ní 1929, Enugu ní 1933, Wọrí àti Kàlàbá ní 1939. Ní ìhà Jọ́ọ̀sì, ilé iṣẹ́ aládàáni kan tí wọ́n ń pè ní NESCO bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó ń fi omi tó ń já wálẹ̀ ní Kurra ṣe iná fún àwọn tó ń wa kùsà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú níbẹ̀ ni pé kò sí okùn láàárín wọn. Bí ẹ̀rọ Enugu bá kú, ará Wọrí ò ní mọ̀. Bí ìgbà tí oníṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní fírísà tirẹ̀ ni. Tìẹ bàjẹ́, tèmi ń ṣiṣẹ́, màá bá ẹ gbé ẹja ẹ sínú tèmi. Ní 1946 ni ìjọba kó àwọn iná ìjọba sábẹ́ PWD, ní 1950 ni wọ́n ṣe òfin tó dá ECN sílẹ̀. Àwọn bàbá wa tó ti dàgbà ṣì ń dárúkọ ECN. Ṣùgbọ́n ECN pàápàá, ọ̀gá kan ló kó gbogbo wọn jọ, ẹ̀rọ ò tíì so pọ̀.

Oníbàárà dé o, ẹ dúró.

Ohùn kejì

Mo ti dé. Páálí Titus kan ni, wọ́n sì fẹ́ kí n bá wọn gé e. Ibo la dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ìsopọ̀.

Ohun tó so wá pọ̀ ni Kàǹjì. Ní 1962 ni ìjọba dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ fún dídí odò Ọya, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1964, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kejì 1969. Ẹ wo àwọn ọdún yẹn dáadáa. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, ó parí ní 1970. Ní 9 oṣù kẹjọ 1967, ọmọ ogun Biafra wọ Bìní, wọ́n sì wà níbí títí di 20 oṣù kẹsàn-án tí ìjọba àpapọ̀ gbà á padà. Àwọn kan ń yìnbọn ní Ring Road, àwọn kan sì ń da kọnkéré sínú odò ní Kàǹjì. Orílẹ̀-èdè ń fà ya lápá kan, wọ́n ń fi wáyà rán an lápá kejì.

Ìlú kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Bussa, ìlú àtijọ́, ìlú ọba. Ibẹ̀ náà ni òyìnbó tó ń jẹ́ Mungo Park bá odò lọ ní 1806. Nígbà tí wọ́n dí odò, omi gun Bussa mọ́lẹ̀ pátápátá. Àwọn tí wọ́n kó kúrò nílé wọn nítorí adágún yẹn lé ní 40,000 èèyàn. Wọ́n kọ́ ìlú tuntun fún àwọn ará Bussa, òun ni New Bussa. Nígbàkúùgbà tí mo bá tẹ súìṣì, mo máa ń rántí pé ojúbọ àwọn kan, ibojì bàbá àwọn kan, wà lábẹ́ omi yẹn. Bọ́ọ̀sì ló gbé àwa wá sí Bìní fúnra wa, a sì lè padà sílé ní Kérésì. Àwọn wọ̀nyẹn, ilé wọn ò sí lókè ilẹ̀ mọ́.

Adágún náà sì mú ẹja wá, ọ̀pọ̀ ẹja. Wọ́n dá ilé ìwádìí ẹja odò sílẹ̀ ní New Bussa tìtorí ẹ̀. Nítorí náà, iná àti ẹja, ibì kan náà ni wọ́n ti jáde. Ẹ má sọ fún àwọn ẹlẹ́ran.

Láti Kàǹjì, wáyà ńlá gba Jẹ́bà, ó gba Òṣogbo, ó gba Ìbàdàn, ó dé Èkó. Ẹ̀ka kan ya láti Òṣogbo wá sí Bìní. Láti Bìní, ẹ̀ka lọ sí Onitsha, ẹ̀ka lọ sí Sapẹlẹ, ẹ̀ka lọ sí Ughelli, ẹ̀ka lọ sí Ajaokuta. Ẹni tó bá ti dúró ní páàkì níbí rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ọ̀nà ìlà oòrùn, ọ̀nà ìwọ̀ oòrùn, ọ̀nà òkè ọya, Bìní ni oríta wọn. Bí mọ́tò ṣe ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ni iná náà ń ṣe.

Bọ̀dá oní-táyà, ìdáhùn ẹ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni, okùn kan ni. Ṣùgbọ́n ìdí tí okùn náà fi ń já fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti Ṣàngó.

Ohùn kẹta

Ẹni tó bá ti gba Marina kọjá ní Èkó á ti rí ère Ṣàngó tó wà níwájú olú ilé iṣẹ́ NEPA àtijọ́. Ben Enwonwu, ọmọ Onitsha, ló fi idẹ ṣe é ní 1964, ECN ló sì gbéṣẹ́ fún un. Ọ̀rọ̀ náà yé wọn: taa ló ni mànàmáná bí kì í bá ṣe ọkọ Ọya? Ó wá bọ́ sí i pé ọdún 1964 yẹn kan náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ Kàǹjì lórí odò Ọya. Ẹ ò rí nǹkan? Wọ́n gbé ọkọ kalẹ̀ ní Marina, ó wọ ẹ̀wù, ó dúró, gbogbo ayé ń wò ó. Ìyàwó ló wà ní Kàǹjì tó ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin obìnrin inú ẹgbẹ́ yìí, mi ò sọ nǹkan kan o.

Ó tún kan Bìní. Nínú ìtàn tiwa, Ọ̀rànmíyàn ló bí Ṣàngó, òun náà ló bí Ẹwẹ̀ka tó jọba ní Bìní. Ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Àwọn Bìní ní bí wọ́n ṣe ń sọ tiwọn, ó sì yàtọ̀ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ìjà yìí lọ sí Ọba Market, ẹ̀yin lẹ fẹ́ tajà níbẹ̀.

Ọjọ́ tí òfin fi dá NEPA sílẹ̀ ńkọ́? Wọ́n da ECN àti iléeṣẹ́ tó dí odò pọ̀, wọ́n ní kí ó bẹ̀rẹ̀ láti 1 oṣù kẹrin 1972. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin! Ọjọ́ tí gbogbo ayé fi ń parọ́ fún ara wọn ṣe ẹ̀fẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2005 wọ́n yí orúkọ ẹ̀ padà sí PHCN, ní 1 oṣù kọkànlá 2013 wọ́n gé e sí wẹ́wẹ́ fún àwọn aládàáni. NEPA ti kú láti 2005. Ṣùgbọ́n ọmọ mi ìkẹyìn, tí wọ́n bí lẹ́yìn tí PHCN gan-an ti kú, bí iná bá dé báyìí, ẹ̀ ń gbọ́ ohùn ẹ̀: "Up NEPA!" Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Ní 2013 yẹn, àwọn tó ń pín iná di mọ́kànlá. Èyí tó kàn wá, BEDC, Akpakpava níbí ni olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà, ó sì ń pín iná fún Edo, Delta, Òǹdó àti Èkìtì. Ẹ ronú sí i. Ìyá mi ní Ọ̀wọ̀ àti èmi ní New Benin, ibì kan náà ni owó wa ń lọ. A fi ilé sílẹ̀ wá ṣọjà lókèèrè, ìwé iná ilé ló tẹ̀ lé wa débí.

Ohùn kẹrin

Ó dáa. Kí ló dé tó fi ń lọ fún gbogbo wa lẹ́ẹ̀kan?

Oníṣòwò ni gbogbo wa, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè ọjà. Iná ni ọjà tí kì í sùn ní ìsọ̀. Aṣọ lè pẹ́ ọdún kan lórí igi. Táyà lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹja tèmi, bí fírísà bá kún tó sì dì dáadáa tí n kò ṣí i, ó lè bá mi fara dà á fún ọjọ́ kan, bóyá méjì. Iná ò lè dúró dè ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ihovbor lẹ̀ ń lò ó ní Uselu, nísinsìnyí gan-an. Bátìrì wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bátìrì tó lè gbé gbogbo Bìní mọ́jú, a ò ní in. Nítorí náà, iye tí wọ́n ń ṣe àti iye tí à ń fà gbọ́dọ̀ dọ́gba, ní gbogbo ìgbà, bí òṣùwọ̀n tí apá méjèèjì ẹ̀ ò gbọdọ̀ yẹ̀.

Òṣogbo ni wọ́n ti ń wo òṣùwọ̀n yìí. Ilé iṣẹ́ ìdarí ńlá wà níbẹ̀, National Control Centre, àwọn èèyàn jókòó tọ̀sán-tòru níwájú ẹ̀rọ, wọ́n ń wo nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà náà ni 50. Ìyẹn ni pé iná inú wáyà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ̀rọ onígáàsì bí irú èyí tó wà ní Ihovbor ń yí ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan kó lè bá nọ́ńbà yẹn mu, ó sì gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà ní Egbin ní Èkó lọ́hùn-ún yí pọ̀, bí onílù tó ń lu ìlù kan náà láì rí ara wọn. Bí 50 bá ń lọ sílẹ̀, à ń fà jù. Bó bá ń gòkè, wọ́n ń ṣe jù.

Ẹ wo alábàárù mẹ́fà tí wọ́n gbé fírísà ńlá sáfẹ́fẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀kan yẹ̀. Ẹrù ẹ̀ bọ́ sọ́rùn márùn-ún, ọrùn ń dun wọ́n, èkejì ní òun ò kú sábẹ́ ẹrù ẹlẹ́rù, ó yọ ọwọ́. Mẹ́rin ló kù. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, fírísà ti wà nílẹ̀. Bí ilé iṣẹ́ iná kan bá já lójijì, àwọn tó kù á bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan sì ní ohun tó ń dáàbò bò ó tó máa ń yọ ọ́ kúrò kó má baà bàjẹ́. Wọ́n á máa yọ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní 2024, ó ju ìgbà mẹ́wàá lọ tí irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bí àwọn oníbàárà bá pòórá lójijì, wàhálà kan náà ni, òṣùwọ̀n á fò sókè.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní tiwọn. Ní 4 oṣù keje 1990, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú Jámánì nínú World Cup, ó di pẹnátì, Gẹ̀ẹ́sì pàdánù. Bó ṣe parí, gbogbo ìlú dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n lọ sí kíṣíìnì, wọ́n gbé kẹ́tùlù omi tíì kaná. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ohun tí wọ́n ń fà fi 2,800 mẹ́gáwáàtì pọ̀ sí i. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí? Gbogbo Nàìjíríà, ọjọ́ tó bá dára, nǹkan bí 4,000 sí 5,000 la máa ń rí pín. Omi tíì ìbànújẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìkan ju ìdajì iná wa lọ! Iná wọn ò sì lọ. Wọ́n ti ń retí ẹ̀. Wọ́n ní òkè kan ní Wales, Dinorwig, tí wọ́n gbẹ́ inú ẹ̀. Lóru tí èèyàn ò lo iná, wọ́n á fi iná yẹn fa omi lọ sókè. Tí ọjà bá ti yá, wọ́n á tú omi sílẹ̀, kò ní tó ìdajì ìṣẹ́jú kó tó fún wọn ní ju 1,000 mẹ́gáwáàtì lọ. Wọn ò rí iná tọ́jú, wọ́n tọ́jú omi. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló yẹ kó ronú ìyẹn.

Ohùn karùn-ún

Mo fẹ́ gbàgbé èyí, òun sì ni mo fẹ́ràn jù.

Tí fírísà bá ti wó lulẹ̀, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé e dìde? Ẹ gbọ́ o: ilé iṣẹ́ iná nílò iná kó tó lè ṣe iná. Àwọn páńpù, fáànù, kọ̀ǹpútà inú ẹ̀, iná ló ń gbé gbogbo wọn. Bí gbogbo Nàìjíríà bá ṣókùnkùn, ọ̀pọ̀ wọn ò lè jí fúnra wọn. Wọ́n á wá èyí tó lè dá jí, òun á wá jí ìkejì, ìkejì á jí ìkẹta, títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ní 14 oṣù kẹwàá 2024, ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo ẹ̀ wó. Mo rántí alẹ́ ọjọ́ yẹn, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ọjà wọlé ni. Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń gbé iná kiri wá sọ lọ́jọ́ kejì ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ jíjí. Azura ni. Azura tó wà ní Ihovbor, ẹ̀bá ìlú tiwa níbí, 461 mẹ́gáwáàtì, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹrẹu ní 2018. Ilé iṣẹ́ ìjọba mìíràn tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, 450 mẹ́gáwáàtì. Bìní ló jí Nàìjíríà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, èmi sì wà ní New Benin tí mo ń tan tọ́ọ̀ṣì sójú ẹja.

Àwọn èèyàn máa ń bínú sí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n á ní irin ńlá gba ẹ̀yìn ilé àwọn kọjá ní Ihovbor, kò sí iná nínú ilé àwọn. Òótọ́ ni, ìdí ẹ̀ sì wà. Iná inú wáyà ńlá yẹn jẹ́ 330,000 fóòtì. Bó bá kan ilé ẹ, ilé ò sí mọ́. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di 132,000, kí wọ́n sọ ìyẹn di 33,000, kó di 11,000, kí tiransífọ́mà àdúgbò tó wá sọ ọ́ di èyí tí gílóòbù lè gbà. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní ẹ̀rọ tirẹ̀, owó tirẹ̀, àti ẹni tó ń jí epo inú ẹ̀ tà. Irin tó gba orí rẹ kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù ni. Kò ní dúró ní ìsọ̀ ẹ já bísíkíìtì kan sílẹ̀.

Àdéhùn tí ìjọba bá Azura ṣe sì dà bí ti ẹni tó gba ṣọ́ọ̀bù: o tajà o, o ò tajà o, owó ṣọ́ọ̀bù á wọlé. Bí wáyà ò bá lè gbé gbogbo iná náà, owó agbára tí wọ́n ti pèsè sílẹ̀ ṣì ń lọ. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀, èmi náà ì bá fẹ́ irú oníbàárà bẹ́ẹ̀.

Apá kan iná náà tún ń kọjá lọ sí òkè òkun wa kékeré, Niger, Togo àti Benin. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀ nílé wa. Àǹtí mi ní Ọ̀wọ̀ gbọ́ lórí rédíò pé Nàìjíríà ń ta iná fún Benin, ó pè mí, ó ní, "Ẹ kú oríire o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Benin, ẹ ò sì sọ fún wa." Mo ní Àǹtí mi, Benin ti Kòtọ́nù ni! Ìlú wọn gba orúkọ yẹn ní 1975. Àǹtí ò gbà mí gbọ́ títí dòní. Ní ti Niger, nígbà tí àwọn sójà gbàjọba níbẹ̀ ní 2023, Nàìjíríà gé iná wọn ní oṣù kẹjọ. Òkùnkùn ti di ọ̀pá tí wọ́n fi ń na aládùúgbò.

Ohùn kẹfà, ìkẹyìn

Bọ̀dá oní-táyà tún béèrè ìdí tí mo fi máa ń pariwo lórí jẹ́nì inú ṣọ́ọ̀bù. Mi ò fẹ́ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó ti tó àkókò.

Gbogbo wa la mọ jẹ́nì kékeré yẹn, I-better-pass-my-neighbour, tó ń mu epo tí wọ́n po mọ́ ọ́ìlì. Òun ló kọ́kọ́ fún àwọn tálákà ní iná tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó dá wa padà sí ayé ṣáájú Kàǹjì, tí kálukú ní iná tirẹ̀. Mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an nígbà náà.

Ní 2012, mo ní ọmọ iṣẹ́ kan, ọmọ Ìkàrẹ́, ọmọ ọdún 17. Iná ti lọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ń jí jẹ́nì ládùúgbò wa, nítorí náà èmi, ẹnu èmi yìí, ni mo ní kó gbé e wọ kọ́rídọ̀ lálẹ́, kó ti géètì, kó sùn ti fírísà. Páálí ẹja mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Nígbà tí mo dé ní ìdájí, jẹ́nì ti kú, epo ti tán. Mo kànlẹ̀kùn, kò dáhùn. Àwọn alápatà ló bá mi já géètì. A bá a lórí pẹpẹ, ìtọ́ ń jáde lẹ́nu ẹ̀, ètè ẹ̀ pupa bí ẹni tó kun nǹkan.

Nọ́ọ̀sì ló sọ orúkọ ohun náà fún mi, carbon monoxide. Ó ní èéfín mìíràn á rùn, á mú èèyàn húkọ́, á lé e jáde. Èyí ò lóòórùn, kò láwọ̀. Ó kàn máa ń gba àyè afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ni, ẹni tó ń sùn á máa sùn lọ. Wọ́n fi afẹ́fẹ́ sí i nímú láti àárọ̀ di alẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mò ń ṣírò ohun tí màá sọ fún ìyá ẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Nígbà tó lajú, ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ẹja ò bàjẹ́.

Ẹja náà ò bàjẹ́. Mo tà á lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ̀ bóyá ó yẹ kí n tà á.

Láti 3 oṣù kẹrin 2024 tí owó iná àwọn Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún, ti fò láti 68 náírà sí 225 lórí ìwọ̀n kan, mo ti rí i pé àwọn kan nínú wa ti ń padà sí jẹ́nì kékeré, wọ́n sì tún ń gbé e wọlé nítorí olè. Mo mọ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ní ìlà wa. Ní Sátidé, lẹ́yìn ìmọ́tótó, èmi àti àwọn àgbà ìlà máa yí ká. Wẹ́dà tó ń ṣe ilẹ̀kùn mi ti gbà láti bá wa kan àgò irin sẹ́yìn ilé, èyí tó ṣeé tì pa, ní owó tí a lè pín san. Kí ẹni tó bá fẹ́ kọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ yẹn ti ní ṣọ́ọ̀bù ẹja tirẹ̀ báyìí, ní Auchi. Ìta ni jẹ́nì ẹ̀ wà. Nígbàkúùgbà tí gbogbo iná bá lọ bíi ti Ọjọ́bọ̀ yẹn, fóònù mi á dún kí n tó rí tọ́ọ̀ṣì. Á ní, "Ìyá mi, ṣé tiyín náà lọ?" Màá ní, "Ó lọ. Níbo lo gbé jẹ́nì sí?"